Èérún Ike Mélòó Ló Wà Nínú Omi Inú Ìgò? Ó Dọwọ́ Asẹ́

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arábìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa láti Ìbàdàn. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta, omi inú ìgò ni òun sì fi ń po mílíìkì rẹ̀. Ẹnì kan wá gbé fídíò kan sórí WhatsApp ìdílé wọn, fídíò náà ní lítà kan omi inú ìgò ní èérún ike 240,000 nínú. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí ìròyìn mìíràn tó ní 325 ni. Ó tún rí ẹ̀kẹta tó ní nǹkan bíi mẹ́wàá péré. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, “Bọ̀dá mi, èwo nínú wọn ló ń parọ́? Àbí kí n kúkú padà sí omi kànga?”

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kẹ́yìn: rárá o, ẹ má padà sí omi kànga tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ní ti ẹni tó ń parọ́, kò sí. Àwọn nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá láti yàrá àyẹ̀wò gidi, àwọn tó mọ iṣẹ́ ló sì ṣe wọ́n. Kódà, ìwádìí kan náà ló bí méjì nínú wọn. Ohun tó mú wọn jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, nínú láàbù omi, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ wo inú rẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní microplastics ni ike tó ti rún wẹ́wẹ́, tí kò ju mìlímítà 5 lọ. Èérún ike ni èmi ó máa pè é. Ọ̀rá pure water tí oòrùn pa lójú gọ́tà títí tó fi ń já wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Fọ́nrán tó ń já kúrò lára aṣọ pọ́líẹ́sítà nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ wà lára rẹ̀, eruku táyà ọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Èyí tó bá tó mìlímítà 5, ojú lásán á rí i, ṣùgbọ́n irú ìyẹn ò pọ̀. Tí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìkọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ là ń pè ní máíkírómítà. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó nǹkan bíi 70 máíkírómítà. Ọ̀pọ̀ èérún ike kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tí kò tilẹ̀ tó máíkírómítà kan náà wà, nanoplastics ni orúkọ tiwọn.

Ọdún 2004 ni ọ̀rọ̀ yìí wọ ẹnu ayé. Richard Thompson ti Yunifásítì Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó iyanrìn etí òkun, wọ́n ṣa àwọn ohun tí ojú wọn sọ pé kò jọ iyanrìn, kò jọ ewé, kò jọ ìkarahun. Wọn ò dúró níbẹ̀ kí wọ́n kéde pé ike ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó lè dá ike mọ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ náà jẹ́rìí sí pé ike ni. Nínú ìyókù, òmíràn jẹ́ ohun àdáyébá, òmíràn ò sì ṣeé dá mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá rí ẹni tó gbé fóònù sókè lórí TikTok, tó na ìka sí nǹkan funfun kan nínú omi, tó ní ike nìyẹn. Ojú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gan-an kò tó.

Ó dáa, ká wọnú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá màmá yín sẹ́ ògì rí, ẹ ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. Tí ẹ bá fi aṣọ tó kúnná sẹ́ ògì, èèrí á dúró lókè. Tí ẹ bá fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ sẹ́ ẹ, èèrí púpọ̀ á bá ògì lọ sísàlẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù lórí asẹ́ á wá dà bí ẹni pé èèrí ò pọ̀ nínú àgbàdo ọdún yẹn. Àgbàdo kan náà ni o. Asẹ́ ló yàtọ̀.

Báyìí gẹ́lẹ́ ló rí lójú òkun. Àwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fà lójú omi láti fi kó èérún ike ní ihò tó fẹ̀ tó 333 máíkírómítà. Ẹ rántí pé irun orí jẹ́ 70. Ìyẹn ni pé fọ́nrán irun mẹ́rin tí wọ́n jọ tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lè gba ojú ihò kan ṣoṣo kọjá! Èérún tó kéré sí ihò náà á bá omi lọ, fọ́nrán aṣọ tó gùn tó sì tín-ín-rín á tẹ orí ba, á sì yọ́ jáde bí ejò. Nígbà tí ìwádìí kan bá wá sọ pé èérún méjì péré ló wà nínú omi òkun báyìí-báyìí, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni pé ojú asẹ́ wọn ti fẹ̀ tó? Tí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, mi ò ka ìyókù mọ́.

Lẹ́yìn sísẹ́, ìdọ̀tí ló kàn. Omi odò kún fún ewé tó jẹrà, ẹyin kòkòrò àti ewédò. Tó bá jẹ́ ikùn ẹja là ń yẹ̀ wò, ẹran ara ló kún ibẹ̀. A ní láti jẹ gbogbo ìyẹn run láìjẹ ike. Fún omi odò, hydrogen peroxide tó lágbára, tí a fi irin díẹ̀ sí kó lè tètè ṣiṣẹ́, la sábà máa ń lò. Á máa hó yàà lójú ẹni bí ọṣẹ. Fún ẹja, potassium hydroxide ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló dára jù lójú tèmi. Á yọ́ ẹran náà di omi, á sì fi ọ̀pọ̀ ike sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń lo nitric acid torí pé ó yá. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ nylon pẹ̀lú. Fọ́nrán àwọ̀n apẹja tó wà nínú ikùn ẹja náà á pòórá, èsì á sì jáde pé kò sí nylon níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò la kó, iyọ̀ la ó lò. Ẹ ti rí ẹyin tí wọ́n fi sínú omi lásán tó rì, tí wọ́n wá da iyọ̀ púpọ̀ sí omi náà tí ẹyin náà sì léfòó. Ọgbọ́n kan náà nìyẹn. Iyanrìn wúwo tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ omi, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà á dúró nísàlẹ̀. Ike á léfòó, a ó sì bù ú lójú omi. Iyọ̀ ìdáná ò wọ́n, kò sì léwu, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ láàbù fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ẹ da iyọ̀ ìdáná sí omi tó, kò lè wúwo ju nǹkan bí ìlọ́po 1.2 omi lásán lọ. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá pure water fúyẹ́ ju omi gan-an lọ, wàhálà ò sí níbẹ̀. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, èyí tí wọ́n ń pè ní PET, wúwo tó nǹkan bíi 1.38. PVC tí wọ́n fi ń ṣe páìpù náà wà ní àgbègbè yẹn. Àwọn méjèèjì á bá iyanrìn jókòó nísàlẹ̀, ẹ ó sì dà wọ́n nù. Láti gbé wọn léfòó, ẹ máa nílò iyọ̀ zinc chloride, èyí tó wọ́n, tó ń jó ara, tí ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dà sí gọ́tà. Nítorí owó iyọ̀, ìwádìí kan lè sọ fún yín pé kò sí ìgò omi nínú ẹrẹ̀ odò kan tí ìgò kún etí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tó ṣẹ́ kù ti wà lórí asẹ́ kékeré kan tó rí rogodo bí ownó. Ṣé ike ni, àbí kì í ṣe ike? Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ká fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ike á yọ́ tàbí kó ká jọ, òwú àti ewé ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wúlò fún èyí tó tóbi. Ọ̀nà kejì ni aró kan tí wọ́n ń pè ní Nile Red. Ó fẹ́ràn ohun tó bá jọ epo, á lẹ̀ mọ́ ara ike. Tí ẹ bá wá tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, tí ẹ fi gíláàsì aláwọ̀ ọsàn bo ojú máíkírósíkóòpù, èérún ike á máa tàn yòò nínú òkùnkùn. Ó rẹwà, kí n má parọ́. Ó yá, kò sì wọ́n. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀rá ẹran tí ẹ ò jẹ tán pẹ̀lú kẹ́míkà náà á gba aró yìí, òun náà á sì máa tàn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán ni wúrà.

Ẹ̀rọ tó ń dájọ́ gan-an ni èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò lè rí. FTIR ni a ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó mọ ìlù, tí ẹ bá di ojú rẹ̀, tí ẹ lu bàtá, á sọ pé bàtá ni. Ẹ lu dùndún, á mọ̀. Awọ àti igi tí wọ́n fi ṣe ìlù kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní ohùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun gbogbo tí wọ́n fi kẹ́míkà dì pọ̀, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá lù wọ́n. Ẹ̀rọ náà á ya ìlà kan tó lọ sókè tó sì sọ̀ kalẹ̀ bí òkè àti àfonífojì. Ike ọ̀rá pure water, polyethylene, ní òkè ńlá méjì tó fara kọ́ra ní nǹkan bíi 2,915 àti 2,848 lórí ìlà yẹn. Ẹni tó bá ti rí i ní ìgbà ogún kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ìgò PET ní òkè tirẹ̀ níbòmíràn. A ó wá gbé ìlà náà lọ síwájú àkójọ àwọn ìlà tí a ti mọ̀, kọ̀ǹpútà á sì sọ èyí tó jọ jù.

Ohun kan tó máa wu ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fóònù: àkójọ ọ̀fẹ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Open Specy. Láti 2021 ni wọ́n ti kọ ìwé ìwádìí nípa rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí ẹ̀rọ yá lò ní Ìkẹjà tàbí Kútọnu lè gbé ìlà tí ẹ̀rọ ya síbẹ̀, á sì rí ohun tó jọ láìsan kọ́bọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, iye tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ta irú àkójọ yìí lè lé èèyàn sá kúrò nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

FTIR ní ibi tó mọ. Èérún tí kò bá tó nǹkan bíi máíkírómítà 10 sí 20, kò lè rí i kedere. Fún èyí tó kéré sí i, dé máíkírómítà 1, Raman la ń lò. C. V. Raman, ọmọ Íńdíà, ló ṣàwárí ọgbọ́n yìí ní Kolkata ní 1928, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Iná lésà la fi ń lu èérún náà, ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà ní àwọ̀ tó yí díẹ̀ ló ń sọ ohun tó jẹ́. Ìyọnu Raman ni aró. Tí ike bá ní àwọ̀ tó le, aró náà á tàn bo ohùn ike mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń pariwo nínú ìpàdé tí ẹ ò fi gbọ́ ẹni tó ń sọ òótọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kì í wo èérún rárá. Wọ́n á sun gbogbo rẹ̀ níbi tí kò sí ọ́síjìn, ní nǹkan bí ìwọ̀n 600 sí 700, wọ́n á sì wo àfọ́kù tó bá jáde nínú èéfín. Ike kọ̀ọ̀kan ní àfọ́kù tirẹ̀. Ọ̀nà yìí kò lè sọ iye èérún tó wà níbẹ̀, ìwúwo ike ló ń sọ. Òun ni Heather Leslie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vrije Universiteit ní Amsterdam lò ní 2022 nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 22 wò, tí wọ́n sì rí ike nínú ẹ̀jẹ̀ 17. Àròpín tí wọ́n rí jẹ́ máíkírógíráàmù 1.6 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Tí ẹ bá rí àtẹ̀jáde tó ní wọ́n “ka èérún” inú ẹ̀jẹ̀ nínú ìwádìí yẹn, ẹni tó kọ ọ́ kò ka ìwádìí náà.

Ọ̀nà sísun yìí náà ló wà nídìí ariwo ṣíbí ike inú ọpọlọ. Ẹ rántí rẹ̀? Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì New Mexico ní Amẹ́ríkà gbé e jáde nínú Nature Medicine pé ike tí àwọn rí nínú ọpọlọ òkú pọ̀ ju ti ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lọ. Ayé dàrú. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn gbé ìbéèrè kan dìde tí mo rò pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Polyethylene àti ọ̀rá ara èèyàn jọra nínú bí wọ́n ṣe so kọ́ra. Tí ẹ bá sun wọ́n, àfọ́kù wọn lè jọ ara wọn. Ọpọlọ sì kún fún ọ̀rá. Tí wọn ò bá fọ ọ̀rá náà kúrò pátápátá, ẹ̀rọ lè ka ọpọlọ mọ́ ike. Èyí ò sọ pé kò sí ike nínú ọpọlọ. Ohun tó sọ ni pé ìwọ̀n tó kún ṣíbí yẹn, mi ò tíì lè búra sí i.

Ibi tó wá ń fún mi ní iṣẹ́ jù nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ tẹ́tí dáadáa: ike wà lára àwa tí à ń wá ike. Aṣọ tí mo wọ̀, kápẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ìdérí ìgò kẹ́míkà. Ẹ ṣí ṣáágo kan sílẹ̀ nínú yàrá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, fọ́nrán aṣọ á ti bọ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀wù òwú la máa ń wọ̀, kì í ṣe pọ́líẹ́sítà. Gíláàsì àti irin là ń lò dípò ike. Omi tí a fi ń fọ nǹkan, a ó ti kọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Àwọn láàbù kan tilẹ̀ máa ń wọ ẹ̀wù tó ní àwọ̀ tó ṣàjèjì, kí fọ́nrán rẹ̀ tó bá bọ́ sínú omi lè ṣeé dá mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí àwa náà gbẹ́kẹ̀ lé kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2020, ìwádìí kan fi hàn pé ohun tó dà bí ọṣẹ tí wọ́n fi sí ìbọ̀wọ́ kí ó lè tètè bọ́ lára ẹ̀rọ tó ṣe é máa ń ṣí sínú omi àyẹ̀wò, ẹ̀rọ infrared àti Raman sì lè pè é ní polyethylene. Ìbọ̀wọ́ tó yẹ kó dáàbò bo àyẹ̀wò ló wá ń ba á jẹ́!

Ohun tó ń gbà wá ni blank. Ẹ máa gbé omi tó mọ́ pátápátá, tí a mọ̀ pé kò ní nǹkan kan nínú, gba gbogbo ọ̀nà tí omi àyẹ̀wò gbà: asẹ́ kan náà, kẹ́míkà kan náà, ọjọ́ kan náà, ọwọ́ kan náà. Iye èérún tó bá yọ nínú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Tí omi odò bá ní 12, tí blank sì ní 10, kí lẹ fẹ́ kéde? A tún máa ń ṣe ìdàkejì rẹ̀: a ó ju èérún ike tí a ti kà sínú omi tó mọ́, a ó wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ ló máa padà wá. Tí a bá ju 100 sí i tí 60 padà wá, a ti mọ bí ọwọ́ wa ṣe ń jò tó. Iṣẹ́ yìí ò dùn, kì í sì í wọ ìròyìn. Àmọ́ ìwádìí tí kò bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́wọ́dù rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí nọ́ńbà mẹ́ta arábìnrin wa. Ní 2018, Sherri Mason àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Fredonia yẹ ìgò omi 259 wò, orúkọ ọjà 11, láti orílẹ̀-èdè 9. Wọ́n rí àmì ike nínú ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá ju máíkírómítà 100 lọ, wọ́n gbé e sábẹ́ FTIR. Àròpín rẹ̀ jẹ́ 10.4 nínú lítà kan. Polypropylene ló pọ̀ jù níbẹ̀, ike tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìdérí ìgò. Èyí tó wà láàárín 6.5 sí 100 máíkírómítà kéré jù fún ẹ̀rọ náà, nítorí náà wọ́n fi Nile Red pa á láró, wọ́n sì lo ètò kọ̀ǹpútà láti ka ohun tó ń tàn bí ẹni ń ka ìràwọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìyẹn kún un, ó di 325. Ẹ wò ó: omi kan náà, ọwọ́ kan náà. Mẹ́wàá yẹn, ẹ̀rọ jẹ́rìí sí i pé ike ni. Ìyókù, aró ló jẹ́rìí sí i.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní 2024, Yunifásítì Columbia gbé tiwọn jáde. Wọ́n lo ọgbọ́n tó jẹ́ ìbátan Raman, tó fi iná lésà méjì lu nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì lè rí ohun tó kéré sí máíkírómítà 1. Orúkọ ọjà mẹ́ta ni wọ́n yẹ̀ wò. Àròpín tí wọ́n rí jẹ́ 240,000 nínú lítà kan, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì jẹ́ nanoplastics. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò lè hàn lójú ẹ̀rọ tí Mason lò rárá. Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀ ni pé polyamide, ìyẹn irú nylon kan, ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn onímọ̀ náà sì rò pé láti ara asẹ́ tí ilé iṣẹ́ fi ń sọ omi di mímọ́ ló ti wá. Irú ike méje ni wọ́n wá. Nǹkan bí ìdá mẹ́wàá péré nínú gbogbo èérún tí wọ́n rí ló bọ́ sábẹ́ méje yẹn.

Nítorí náà, láti 10 dé 240,000, kì í ṣe pé omi bàjẹ́ sí i láàárín ọdún mẹ́fà. Asẹ́ ló kúnná sí i. Ẹni tó bá tò wọ́n bí ẹni pé ìlà kan tó ń gòkè ni wọ́n ń ṣi yín lọ́nà.

Arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ kànga nìyí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣàgbéyẹ̀wò gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa èérún ike inú omi mímu ní 2019. Wọ́n ní ẹ̀rí tó wà kò tíì tó láti dájọ́ nípa ewu rẹ̀, wọ́n sì ní kòkòrò àrùn inú omi ṣì ni ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bá jà. Onígbáméjì kì í dúró ṣe àríyànjiyàn nípa ọ̀nà àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ lè ṣe fún ọmọ náà. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Trinity College Dublin gbé omi gbígbóná sínú ìgò ìfọ́mọlóúnjẹ tí wọ́n fi polypropylene ṣe, wọ́n fi Raman wò ó, wọ́n sì rí èérún tó tó mílíọ̀nù 16 nínú lítà kan. Bí omi bá ṣe gbóná sí ni ó ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ ṣì nílò omi gbígbóná láti po mílíìkì, torí kòkòrò inú ìyẹ̀fun rẹ̀. Ẹ pò ó nínú ìkòkò irin tàbí ife gíláàsì tó mọ́ tónítóní, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó dà á sínú ìgò ọmọ. Ẹ má mì ín nígbà tó bá gbóná nínú ike, ẹ má sì gbé ìgò náà sínú microwave. Ní ti èyí, mi ò dúró de kí wọ́n parí àríyànjiyàn.

Àwọn kan ti béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2019, Emmanuel Akindele ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ní Jámánì, gbé ìwádìí jáde lórí ìgbín inú omi láti odò Ọ̀ṣun. Wọ́n rí èérún ike nínú wọn, infrared ni wọ́n sì fi dá a mọ̀. Mo fẹ́ràn pé wọ́n lo ìgbín: ìgbín kì í rìn jìnnà, ohun tó bá wà níkùn rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ ló ti jẹ ẹ́. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ní láti bá àwọn tó wà lókè òkun ṣiṣẹ́ pọ̀ kò fara sin. Ẹ̀rọ infrared tó ní máíkírósíkóòpù wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń mu nitrogen olómi tó tutù dé ìwọ̀n 196 lábẹ́ òdo. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi ojú inú wo bí ìyẹn ṣe rí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, Yúróòpù ti mú asẹ́ kan. Ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí ọ̀nà kan ṣoṣo fún wíwọn èérún ike nínú omi mímu: omi tí kò dín ní lítà 1,000, asẹ́ 100 máíkírómítà, lẹ́yìn náà asẹ́ 20, kí wọ́n tó gbé ohun tó ṣẹ́ kù sábẹ́ infrared, Raman tàbí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Asẹ́ 20 ò ní rí èyí tó pọ̀ jù nínú 240,000 ti Columbia. Mo ṣì fara mọ́ ọn. Omi Lisbon àti omi Berlin á lè dúró lórí òṣùwọ̀n kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí a ò lè sọ nípa pure water Mushin àti ti Abẹ́òkúta báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Mo ní asẹ́ 20 méjì tí mo lè yá yín.